Rímù tó ti pẹ́ nínú ẹ̀gbin: fífọ̀, kíkùn tàbí pípààrọ̀, èwo ló tọ́ sí tiyín?

Ọkọ̀ Camry ọdún 2005 kan wà lábẹ́ igi máńgòrò ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ọbáńtòkó, Abẹ́òkúta, tí ẹnikẹ́ni kò wà fún ọdún méjì gbáko. Nígbà tí a padà sídìí rẹ̀, ẹ́ńjìnnì kò yọ wá lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an ni ojú ń tì wá láti wò. Rímù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pọ́n bí ilẹ̀ àgbàlá, oje máńgòrò ti gbẹ mọ́ wọn lára, eruku bíréèkì sì ti di èépá dúdú sí gbogbo kọ̀rọ̀ wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìmọ̀ràn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo gbà. Ọmọkùnrin tó ń fọ ọkọ̀ ní àdúgbò ní kí n jẹ́ kí òun da ásíìdì sí i. Pẹ́ńtà ọkọ̀ ní kí n kó wọn wá kí òun fọ́n ọ̀dà sí wọn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ ra tọ́kunbọ̀. Ìyá mi ní ọṣẹ àti kànìnkànìn ni wọ́n ń fẹ́.

Ìyá mi ló sún mọ́ òótọ́ jù lọ nínú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọṣẹ nìkan kò tó. Lẹ́yìn tí mo ti gbìyànjú ọ̀nà mẹ́ta, tí mo sì ti fi owó ṣòfò nínú ọ̀kan, ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ibi tí ìbàjẹ́ rímù náà dé ni ó yẹ kó yan ọ̀nà fún wa, kì í ṣe iṣẹ́ tí ẹni tí a kọ́kọ́ pàdé mọ̀ ọ́n ṣe. Pẹ́ńtà yóò rí ọ̀dà, ẹni tó ń ta rímù yóò rí ọjà. Àwọn méjèèjì lè máa sọ òótọ́ iṣẹ́ wọn, kí ọ̀rọ̀ wọn má sì kan rímù tiyín rárá.

Kí ẹ tó yan ohunkóhun

Irú rímù méjì ló wọ́pọ̀ ní ìlú wa: rímù onírin, tí wọ́n sábà máa ń fi wíìlì kọ́bà oníke bò lójú, àti rímù alọ́ì, tí alúmínì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ó bá rú yín lójú, ẹ gbé òòfà ẹ̀yìn sípíkà àtijọ́ sún mọ́ ọn. Yóò gbá rímù onírin mú ṣinṣin, kò sì ní bìkítà fún alọ́ì. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì nítorí pé ohun tó ń wo irin sàn lè ba alúmínì jẹ́ pátápátá.

Rímù alọ́ì tí wọ́n kùn láti ilé iṣẹ́ ní aṣọ mẹ́ta lára: práímà ló kọ́kọ́ wà, ọ̀dà wà lórí práímà, kílíà tó ń dán bíi gíláàsì sì wà lókè gbogbo wọn. Ìbéèrè tó wà níwájú yín ni èwo nínú àwọn aṣọ yìí ni ìyà ti jẹ. Ẹ da omi sí apá kan rímù náà, kí ẹ wò ó nígbà tó tutù àti nígbà tó gbẹ. Bí àbàwọ́n náà bá hàn nígbà méjèèjì, tí ọwọ́ sì ń bá a pé ó rí ṣákaṣàka bíi sánpépà tó ti gbó, eruku bíréèkì ló lẹ̀ mọ́ kílíà. Bí rímù bá dán nígbà tó tutù ṣùgbọ́n tó tún ṣú nígbà tó gbẹ, kílíà fúnra rẹ̀ ni oòrùn ti jẹ. Bí ẹ bá wá rí ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń rìn kiri lábẹ́ kílíà bí ipa ekòló, alúmínì ti ń jẹra lábẹ́ ọ̀dà, kò sì sí ọṣẹ tó lè dé ibẹ̀.

Nínú rímù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tèmi, mẹ́ta ló wà ní ipò àkọ́kọ́. Ti iwájú lápá òsì nìkan ló ní ipa ekòló.

Ọṣẹ, ásíìdì àti oògùn tí ń tú irin

Ẹ̀gbin rímù kì í ṣe ẹ̀gbin kan ṣoṣo. Erùpẹ̀ pupa ilẹ̀ Ẹ̀gbá, tí ọyẹ́ ń gbé kiri tí òjò sì ń pò mọ́ ọkọ̀ lára, kò le láti fọ̀. Eruku bíréèkì ló le. Nígbàkúùgbà tí páàdì bá fún dísìkì mọ́ra, ó ń ha irin wẹ́wẹ́ kúrò lára rẹ̀, àwọn irin wẹ́wẹ́ yìí sì ń fò sórí rímù pẹ̀lú ooru, wọ́n ń rì sínú kílíà, wọ́n ń dípẹtà síbẹ̀. Bíréèkì iwájú ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù nígbà tí a bá fẹ́ dúró, ìdí nìyẹn tí rímù iwájú fi máa ń dúdú ju ti ẹ̀yìn lọ nínú ọkọ̀ kan náà. Fún àwọn tó ń gba ọ̀nà Ìfọ̀ lọ sí Èkó, ẹ tún ka eruku sìmẹ́ǹtì mọ́ ọn, nítorí láti ọdún 1960 ni ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ti wà ní Ewékoro, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó o kò sì yé gba ọ̀nà náà.

Ọṣẹ àti omi tó erùpẹ̀, wọ́n sì tó eruku bíréèkì tí kò tíì pẹ́. Àǹfààní wọn ni pé wọn kò lè ba ohunkóhun jẹ́, bí ẹ kò bá ti lo kànìnkànìn onírin tí a fi ń ha ìkòkò. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tutù tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wà lábẹ́ ìbòòji, kí garawa rímù sì yàtọ̀ sí ti ara ọkọ̀, nítorí irin wẹ́wẹ́ tó bá wọnú omi yóò ha ọ̀dà ara ọkọ̀ yín. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó ló dára jù fún àyíká nọ́ọ̀tì. Nígbà tí mo fi ọṣẹ fọ rímù ẹ̀yìn fún ìdajì wákàtí, pupa rẹ̀ lọ, oje máńgòrò lọ, ṣùgbọ́n èépá dúdú náà ṣì jókòó síbẹ̀ bí onílé.

Ásíìdì ni àwọn ọmọ ibi ìfọkọ̀ ń gbójú lé, mo sì mọ ìdí rẹ̀: ìṣẹ́jú méjì ni iṣẹ́ náà gbà, oníbàárà sì ń rí i tí ẹ̀gbin ń hó lọ. Mo gbà kí ọ̀kan nínú wọn dán an wò lára rímù iwájú lápá ọ̀tún. Ó mọ́ lóòótọ́. Nígbà tó gbẹ ni a rí àbàwọ́n funfun bíi kúrùkúrù tó bo ìdajì rẹ̀, tí kò sì lọ mọ́ títí dòní olónìí, nítorí pé ásíìdì kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀gbin àti kílíà, bó bá sì rí ibi tí kílíà ti là, alúmínì ni yóò kàn. Ẹlòmíràn ń lo omi bátìrì, èyí tí í ṣe ásíìdì sulphuric. Ẹlòmíràn ń lo èyí tó wà nínú jálá tí kò ní orúkọ. Èyí tó wà nínú jálá yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù, nítorí pé ásíìdì hydrofluoric wà nínú àwọn omi ìfọ-rímù kan, ó sì lè wọ inú awọ ara lọ láìtètè dunni, kó tó di pé ó dé ibi eegun. Bí irú rẹ̀ bá ta sí yín lára, omi púpọ̀ ni kí ẹ fi ṣàn án lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ láìdúró de ìrora.

Ohun kan tún wà tí Abẹ́òkúta fi yàtọ̀ sí ìlú mìíràn. Sódà kọ́sítìkì kò wọ́n níbí, torí àwọn aláró Ìtòkú ń lò ó fún àdìrẹ, ẹnìkan sì máa ń ronú pé ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú ìkòkò aró yóò ṣiṣẹ́ lára rímù. Ẹ má dán an wò. Alúmínì àti sódà kò ṣeé fi pamọ́ sójú kan: yóò máa hó, yóò máa yọ gáàsì háídrójìn, rímù yóò sì di eléérú, tí ojú rẹ̀ á rí gánngàn-gánngàn. Ọ̀rọ̀ kan náà kan sìmẹ́ǹtì tó bá pẹ́ lára alọ́ì, nítorí ìdílé sódà ni òun náà ti wá. Bó bá jẹ́ fẹ́lẹ́ ló wà níbẹ̀, omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí a lú mọ́ omi yóò tú u láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ sì fi omi ṣàn án dáadáa lẹ́yìn náà.

Ẹ̀kẹta ni oògùn tí ń tú irin, èyí tí àwọn tó ń ta ohun ẹ̀ṣọ́ ọkọ̀ máa ń pè ní iron remover. Èròjà inú rẹ̀, thioglycolate, máa ń di irin wẹ́wẹ́ mú, á sì tú u kúrò nínú kílíà, láìfọwọ́ kan kílíà fúnra rẹ̀ bí a bá lò ó bó ṣe yẹ. Àwọn tó bá ti ṣe jẹ́ẹ̀rí-kọ́ọ̀lù rí yóò dá òórùn rẹ̀ mọ̀, nítorí èròjà kan náà ni wọ́n fi ń rọ irun nígbà yẹn; ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Mo fọ rímù ẹ̀yìn pẹ̀lú ọṣẹ lákọ̀ọ́kọ́, mo jẹ́ kí ó gbẹ díẹ̀, mo wá fọ́n oògùn náà sí i. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ìlà elésè-àlùkò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn láti inú kọ̀rọ̀ gbogbo bí ẹni pé rímù náà ń sunkún aró. Mo dúró fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó, mo fi omi ṣàn án kó tó gbẹ, mo sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn èyí ni mo rí i, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjì, pé àwọ̀ fàdákà ni rímù náà.

Nínú ọ̀rọ̀ owó, ọṣẹ ló rọ̀ jù, ásíìdì tẹ̀ lé e, oògùn irin ló wọ́n jù nínú àwọn mẹ́ta. Ṣùgbọ́n agolo 500 ml kan tó rímù mẹ́ta tí mo lò ó fún, ó sì ṣẹ́kù. Bí a bá ka owó ọ̀dà tí ásíìdì kó mi sí lẹ́yìn náà, òun gan-an ló wọ́n jù. Oògùn náà ní ìdíwọ̀n tirẹ̀: kò lè tú ọ̀dà títì, ìyẹn bítúmẹ̀nì tó ń ta mọ́ rímù lójú ọ̀nà. Kẹrosíìnì díẹ̀ lára aṣọ ló ń mú ìyẹn kúrò, kí ẹ ṣọ́ra kó má kan dísìkì tàbí páàdì, nítorí bíréèkì tó bá mu epo kò ní gbá ọkọ̀ dúró.

Nígbà tí kílíà bá ti kú

Ibí ni ọ̀rọ̀ pẹ́ńtà ti wúlò, ó sì wúlò níbí nìkan. Rímù ọ̀tún tí ásíìdì jẹ àti rímù òsì tó ní ipa ekòló kò ní ọ̀nà mìíràn ju pé kí wọ́n bọ́ aṣọ wọn, kí wọ́n wọ òmíràn.

Àwọn kan fẹ́ràn kí wọ́n ha alúmínì títí yóò fi dán bíi díńgí, láìfi ọ̀dà sí i. Ó lẹ́wà lóòótọ́, ó sì kéré lówó, torí sánpépà olómi láti 400 dé 2000 àti ìpara ìdán ni gbogbo ohun tó gbà, àti apá tí kò tètè rẹ̀. Ṣùgbọ́n alúmínì tó wà ní ìhòòhò yóò ṣú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nínú òjò wa, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń jókòó sínú gáréèjì, tó ń jáde fún ìgbéyàwó nìkan, ni mo lè fún ní irú ìdán bẹ́ẹ̀.

Fún ọkọ̀ tó ń ná Pánṣẹ́kẹ́ lójoojúmọ́, ọ̀dà ni. Ọ̀dà agolo tí ẹ lè fọ́n fúnra yín àti ọ̀dà tí pẹ́ńtà ń pò pẹ̀lú tínà, tó ń fi kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fọ́n, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ lójú. Lílágbára ni wọ́n fi yàtọ̀. Kílíà tí pẹ́ńtà ń lò máa ń ní ohun tí ń mú un le nínú, èyí tí kì í sí nínú ọ̀pọ̀ agolo, nítorí náà ó ń fara da epo bẹntiróòlù àti òkúta ju ti agolo lọ. Ohun tó pa àwọn méjèèjì pọ̀ ni pé ìmúra ló ni iṣẹ́. Ẹ bọ́ ọ̀dà tó ti ṣí, kí ẹ lé ipa ekòló náà títí ẹ ó fi rí alúmínì tó mọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti sánpépà 120 tàbí 180, ẹ parí sí 400. Ẹ nu ún pẹ̀lú tínà, ẹ má sì tún fi ọwọ́ lásán kàn án, torí epo ọwọ́ tó ọ̀dà láti ṣí. Práímà tí ń di alúmínì mú ni kí ẹ fi sí ibi tó wà ní ìhòòhò. Práímà irin lásán kò ní dúró níbẹ̀. Ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta dára ju ọ̀dà kíki lẹ́ẹ̀kan lọ, kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sì wà láàárín wọn. Bí òjò bá ń ṣú, ẹ fi í di ọjọ́ mìíràn, nítorí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ń sọ kílíà di funfun bí ẹ̀kọ. Ní ti ọjọ́ ọyẹ́, eruku kì í jẹ́ kí ọ̀dà gbẹ ní mímọ́.

Ọ̀dà oníyẹ̀fun wà lókè àwọn méjèèjì yìí. Wọ́n ń fi iná mànàmáná lẹ ìyẹ̀fun náà mọ́ rímù, wọ́n á sì yan án nínú ààrò ní nǹkan bí 180 sí 200 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, títí yóò fi yọ́, tí yóò sì dì. Kò sí ọ̀dà agolo tó lè bá a dù ní líle. Owó rẹ̀ ga, a sì gbọ́dọ̀ bọ́ táyà kúrò, kí a yọ fáàfù pẹ̀lú. Ẹni kan tí mo mọ̀ kó tirẹ̀ dé Èkó. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ bèèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ ni bí ààrò rẹ̀ ṣe ń gbóná tó àti bó ṣe ń pẹ́ tó, torí pé ooru ni wọ́n fi fún alúmínì rímù lágbára láti ilé iṣẹ́, ooru tó bá pọ̀ jù tàbí tó bá pẹ́ jù yóò sì gba agbára náà padà láìhàn sójú.

Rímù oníkúróòmù kò sí nínú gbogbo èyí. Bó bá ti ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà, ẹ má fi sánpépà kàn án. Ẹ bọ́ ọ pátápátá tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, etí rẹ̀ sì mú tó láti gé ọwọ́.

Rímù onírin

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Búrọ́ọ̀ṣì onírin, oògùn tí ń sọ ìpẹtà di dúdú, èyí tí ásíìdì phosphoric wà nínú rẹ̀, práímà irin, ọ̀dà dúdú, ó parí. Bó bá wọ́ nínú kòtò, wọ́n lè lù ú padà. Alọ́ì tó bá sán kò yẹ kó padà sójú ọ̀nà, ohun yòówù tí ẹni tó ń fi iná jó irin pọ̀ ì báà sọ. Bí ìpẹtà bá ti jẹ rímù onírin débi pé ó fẹ́lẹ́, ẹ sọ ọ́ nù, torí omíràn kò wọ́n.

Tọ́kunbọ̀ ńkọ́?

Ríra tọ́kunbọ̀ ń gba àkókò là, mi ò sì ní bá ẹni tí rímù rẹ̀ ti sán jiyàn. Ṣùgbọ́n rímù tọ́kunbọ̀ tí wọ́n tò sẹ́bàá ọ̀nà, tó ń dán gbinrin, lè jẹ́ rímù tí wọ́n fi fílà, àmọ̀ tí pẹ́ńtà fi ń dí ihò, dí, tí wọ́n sì kùn ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí wọn kì í kùn. Ẹ wá ojú àsopọ̀ iná àti ìlà sísán níbẹ̀.

Wíwọ̀n rẹ̀ náà tún wà níbẹ̀. Camry tèmi ń lo nọ́ọ̀tì márùn-ún tí wọ́n tò yípo lórí òbìrí tó fẹ̀ tó 114.3 mm, èyí tí wọ́n ń kọ ní 5×114.3, ihò àárín rẹ̀ sì jẹ́ 60.1 mm. Accord ti Honda náà ń lo 5×114.3, nítorí náà ẹni tó ń tà á yóò búra fún yín pé rímù rẹ̀ wọ Camry. Yóò wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ihò àárín tirẹ̀ jẹ́ 64.1 mm, àlàfo yóò wà láàárín rẹ̀ àti họ́ọ̀bù, ìyẹn ibi tí rímù ń jókòó sí lára ọkọ̀, ọkọ̀ á sì máa gbọ̀n bó bá ti ń sáré, àyàfi bí ẹ bá fi òrùka dí àlàfo náà. Ìdí nọ́ọ̀tì Honda sì rí roboto. Nọ́ọ̀tì oníṣóńṣó kò bá a mu, kò sì ní dì í mú bó ṣe yẹ.

Lọ́dọ̀ fọkanáísà

Mo kó rímù iwájú méjèèjì tí pẹ́ńtà ti kùn lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan tó ń ṣiṣẹ́ fọkanáísà ní Láfẹ́nwá, nítòsí odò Ògùn, kó lè bá mi fi táyà wọ̀ wọ́n. Bàbá kò wo iwájú tó ń dán náà rárá. Ẹ̀yìn ló kọjú sí i.

"Ọmọ mi, ta ló kun ibi tí rímù ti ń kan họ́ọ̀bù yìí?"

"Pẹ́ńtà ni, Bàbá. Ẹ má bínú."

"Kì í ṣe èmi ni kí o bẹ̀, nọ́ọ̀tì ni kí o bẹ̀. Ọ̀dà yìí á fún, nọ́ọ̀tì á tú, ẹsẹ̀ mọ́tò á sì ṣáájú ẹ délé."

Òótọ́ ló sọ. Ọ̀dà tó bá wà láàárín rímù àti họ́ọ̀bù, tàbí nínú ihò tí nọ́ọ̀tì ń jókòó sí, máa ń fún nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn, dídì nọ́ọ̀tì á sì dínkù. Lílẹ bébà mọ́ àwọn ibẹ̀ kó tó kùn wọ́n ni ó yẹ kí pẹ́ńtà ṣe, òun ni ó sì yẹ kí èmi náà béèrè. Bàbá fi sánpépà ha ẹ̀yìn rímù méjèèjì, ó tún ha etí inú níbi tí táyà ti ń jókòó, torí ìpẹtà funfun tó wà níbẹ̀ ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa jò díẹ̀díẹ̀, tí a ó sì máa bú táyà tí kò ṣẹ̀. Ó pààrọ̀ fáàfù onírọ́bà. Ó yí táyà kan padà, ó fi ìka tọ nọ́ńbà mẹ́rin ìkẹyìn tó tẹ̀ lé DOT, 2319, ìyẹn pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é, ó ní kí n máa múra owó táyà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni báláńsì, nítorí òjé tó wà lára rímù tẹ́lẹ̀ ti jábọ́ nígbà tí wọ́n ń ha á.

Mo dí àwọn nọ́ọ̀tì náà ní ìdojúkọra, ọ̀kan níbí, ọ̀kan ní ọ̀kánkán rẹ̀, dé ìwọ̀n dídì 103 Nm tí Toyota sọ fún Camry, pẹ̀lú sípánà oníwọ̀n tí mo yá. Bàbá ní kí n tún wọn dí lẹ́yìn tí mo bá ti rìn tó ìwọ̀n lílọ sí Èkó lẹ́ẹ̀kan. Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ni mo ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì tó tutù tán. Ẹsẹ̀ òsì dúró gbọin. Lára ti ọ̀tún, nọ́ọ̀tì méjì yí bí ìdámẹ́rin kí sípánà tó ké, nígbà tí mo sì yọ wọ́n wò, ọ̀dà fàdákà ṣì wà ní ìdí ihò àwọn méjèèjì.